Èéfín Tí Kò Ní Òórùn

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọn kì í sùn lábẹ́ fáànù láìda aṣọ bora? Iṣẹ́ ńkọ́, ṣé ọ̀gá rẹ ti ń rẹ́rìn-ín báyìí? Bí o bá wà lórí ìdúró bí o ti ń ka èyí, jọ̀ọ́, wá ibì kan jókòó sí. Kò sẹ́ni tó kú. Èmi ń bẹ, ìyá rẹ ń bẹ, ewúrẹ́ wa ń bẹ, ó tún ti lóyún. Àga mi nìkan ni nǹkan ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀, mo sì ti fi bíríkì tì í. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níhìn-ín ni yóò máa ṣọ́ ìwọ náà lọ́hùn-ún. O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, iṣẹ́ kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, ibi tí wọ́n bá ti ń pe àwọn tó rí ojú rere, orúkọ tìrẹ ni wọn yóò kọ́kọ́ pè. Àmín.

Mo mọ̀ pé wàá bi ara rẹ pé kí ló dé tí bàbá yìí fi ń kọ lẹ́tà nígbà tó ní fóònù. Ọ̀rọ̀ fóònù yẹn gan-an ló fà á. Láti ọjọ́ tí o ti rà á fún mi ló ti jẹ́ pé bí o bá ti lanu nínú rẹ̀, gbogbo ilé ló ń gbọ́, títí kan àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri. Mo ti gbìyànjú láti máa bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí òun náà lè máa dáhùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kò gbọ́. Mo fi aṣọ wé e, ariwo náà kò dín kù, ó kàn dà bíi pé òtútù ń mú ọ ni. Fóònù kò mọ àṣírí, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ bá ọ sọ yìí, mi ò fẹ́ kí ìyá rẹ mọ̀ pé mo sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Awakọ̀ tó máa ń kó ẹrù wá sí ìlú yín ni yóò mú un wá. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kódà bí ọkọ rẹ bá dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí o ti gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, díẹ̀ náà kò sì pé. O rántí pé ìyá rẹ ló kọ́kọ́ ní èéfín wà nínú yàrá tó ti ń ránṣọ. Mo sáré wọlé, mo fa imú bí ajá ọdẹ, mi ò gbọ́ òórùn kankan. Ó ní kì í ṣe èéfín tó ń rùn, ó ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló rí, bíi tìgbà tí ẹnì kan bá ń fi igi tútù dáná níbi tó jìnnà. Ó ní ẹ̀bá gílóòbù ló ti pọ̀ jù, pé bí iná bá wà ní títàn, òun máa ń rí i tó yí gílóòbù náà ká bí òrùka. Èmi wò ó títí ojú fi ń ro mí, mi ò rí òrùka. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ kì í purọ́, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Bó bá ní èéfín wà, èéfín wà nìyẹn. Mo bá gbà pé wáyà ló ń jóná láàárín ògiri.

Àsìkò yẹn náà ló rán aṣọ yẹ́lò yẹn tó sì fi ránṣẹ́ sí ọ, èyí tí o tẹ̀ wá láago lórí rẹ̀ tí ò ń rẹ́rìn-ín pé ojú rírán rẹ̀ wà níta, pé inú aṣọ ló di òde. Àwa náà rẹ́rìn-ín títí. Ìyá rẹ ní èéfín ló fà á. Bí o ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ èéfín báyìí ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ, o figbe ta pé wáyà ilé yìí dàgbà jù ọ́ lọ, pé iná á jó wa mọ́ ojú oorun, pé a gbọ́dọ̀ tún gbogbo ilé ṣe, kí a kó wáyà àtijọ́ kúrò, kí a pa àjà tuntun, kí a kun ògiri, kí n sì wá oníṣẹ́ iná gidi.

Lẹ́yìn náà lo wá gba ohùn rẹ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, lórí bí a ṣe ń wá oníṣẹ́ iná. Mo ṣí i, mo gbọ́ ohùn rẹ, mo kí ọ, o ò dáhùn. Mo ní kí o rọra, o kàn ń sọ̀rọ̀ rẹ lọ ràì. Inú bí mi. Mo ní ṣé irú ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ nìyí, kí bàbá rẹ máa sọ̀rọ̀ kí o máa sọ̀rọ̀ lé e. Olùkọ́ tó ń gbé iwájú ilé wa ló wá ṣàlàyé fún mi pé ohùn rẹ nìkan ló wá, pé ìwọ fúnra rẹ wà níbi iṣẹ́, o ò sì mọ ohun tí mò ń sọ. Mo dárí jì ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá tún fẹ́ rán ohùn rẹ níṣẹ́, máa fi àlàfo sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ dáhùn.

O ní kí n má gba oníṣẹ́ iná tí mo bá kọ́kọ́ rí. Kí n pe mẹ́ta, kí n wo ìwé ẹ̀rí wọn, kí n lọ bá àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún, kí n bi wọ́n léèrè. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Bí èèyàn bá fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ, ṣé kò ní wádìí ilé ọkọ ni? Nígbà tí àkókò tìrẹ tó, mo rìn débi pé bàtà mi lanu. Mo ní ilé tí èmi àti ìyá rẹ ń sùn sí yìí, bákan náà ni n ó ṣe é.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá, Kíákíá ni àwọn èèyàn ń pè é. Orí alùpùpù ló wà tó ti ń wo ilé wa, kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tó fi ní ilé náà ti kú. Ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí, ó ní kí n wo ìràwọ̀ márùn-ún tó wà lábẹ́ orúkọ òun, pé àwọn tí òun ṣiṣẹ́ fún ló fún òun. Mo bi í bóyá alẹ́ nìkan ló máa ń ṣiṣẹ́. Ó ti fóònù bọ àpò. Mo mú un wọ yàrá ìránṣọ, mo ní èéfín ni a ní kó wá wò. Ó fa imú, ó ní háà, Bàbá, òórùn rẹ̀ pọ̀ o! Inú mi dùn pé ẹni tó gbọ́ òórùn ti dé, àfi bí ìyá rẹ ṣe gbójú sókè lórí maṣínì tó ní òórùn wo, nígbà tí òun tí òun ń rí èéfín ọ̀hún lójoojúmọ́ kò gbọ́ òórùn kankan. Kíákíá bá sáré padà sórí alùpùpù rẹ̀.

Síbẹ̀ mo ṣe ìwádìí rẹ̀ bí o ṣe wí. Mo lọ sílé obìnrin kan tó ṣiṣẹ́ fún. Mo bi í bóyá iná ilé rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kìkì pé bí òun bá fẹ́ tan iná pálọ̀, inú ilé ìwẹ̀ ni òun ti ń tẹ̀ ẹ́, bí àlejò bá sì wà nílé ìwẹ̀ tó ti ìlẹ̀kùn, inú òkùnkùn ni àwọn tó wà ní pálọ̀ yóò wà títí yóò fi wẹ̀ tán. Ó ní ó ti mọ́ àwọn lára. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Ẹni kejì jẹ́ àgbàlagbà, ó jù mí lọ pàápàá. Baba Onígíláàsì ni wọ́n ń pè wọ́n. Nígbà tí mo ní kí wọ́n mú ìwé ẹ̀rí wá, wọ́n gbé e wá nínú férémù onígíláàsì bí àwòrán ìgbéyàwó, a gbé e ka orí tábìlì, a bọ̀wọ̀ fún un. Wọ́n gun àkàbà dé àárín, wọ́n dúró, wọ́n bi mí pé kí ni àwọn ń wá lọ sókè. Mo ní èéfín. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n yọ gíláàsì, wọ́n nu ún, wọ́n gbé e padà sójú, wọ́n wo gílóòbù. Ọmọ mi, bàbá yìí ní àwọn rí i. Wọ́n ní òrùka tó yí i ká náà wà níbẹ̀, àwọn rí i kedere. Wọ́n ní kódà ó wà nílé àwọn náà, ó wà ní ilé àdúrà, ó wà níbi gbogbo láyé òde òní, pé àwọn gílóòbù tuntun tí wọ́n ń ṣe báyìí ló ń fà á. Inú ìyá rẹ dùn lọ́jọ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Òun àti bàbá náà jókòó, wọ́n mu tíì, wọ́n ń sọ bí èéfín ọ̀hún ṣe rí, bí ó ṣe máa ń pọ̀ sí i ní ìrọ̀lẹ́. Èmi tí mi ò rí nǹkan kan jókòó láàárín wọn bí àlejò. Mo ní ó ti tán, ẹlẹ́rìí méjì ti wà, ojú tèmi ni kò dára.

Bàbá náà kò lè gba iṣẹ́ ọ̀hún, eékún wọn ò gbà wọ́n láyè láti gun òkè mọ́. Àwọn ló júwe ẹni kẹta fún mi, ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn rí. Wọ́n ní obìnrin ni. Mo ní ṣé obìnrin ni yóò gun àjà ilé mi? Wọ́n ní bí n kò bá fẹ́ obìnrin, kí n máa jókòó nínú èéfín.

Obìnrin yìí, Ọ̀gá ni gbogbo èèyàn ń pè é, èmi náà sì wá ń pè é bẹ́ẹ̀. Kò ju ọjọ́ orí tìrẹ lọ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó wọ ẹ̀wù iṣẹ́ yẹ́lò, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìránṣọ, kò tíì sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ gbójú sókè. Ó ní Ọ̀rẹ́ mi! Ó ní Ọ̀rẹ́ mi, ṣé ìwọ nìyẹn, o ò sọ fún wa pé ò ń bọ̀! Ó dìde wìì, ó fẹsẹ̀ kọ àpótí, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ìwọ náà mọ̀ pé kì í pe ẹlòmíràn ní Ọ̀rẹ́ mi láyé yìí, ìwọ nìkan ni. Ọ̀gá rọra ní ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá, oníṣẹ́ iná ni mí. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀, òun kàn ń bá a ṣeré ni. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó jókòó padà, mo rí ọwọ́ rẹ̀ lórí aṣọ tó ń rán, ó ń tẹ́ ojú kan náà, ó ń tẹ́ ẹ, ojú náà kò sì ká jọ. Mo rí i, mi ò ro nǹkan kan. Ọ̀gá náà rí i, mo sì gbà pé òun ro nǹkan.

Mo gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀, mo ní kó kọjú sí ọ̀tún, kó kọjú sí òsì, mo fi wé ara wọn, òun náà ni. Mo lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà, nítorí òun ló ṣe iná wọn. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní láti ọjọ́ tó ti ṣe é, iná kò fi àwọn sílẹ̀ nínú òkùnkùn lẹ́nu iṣẹ́ rí. Mo tẹ iná wò fúnra mi. Ibi tí mo ti tẹ̀ ẹ́ náà ló ti tàn. Mo padà wá sílé, mo ní kó bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìdáná ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó pè mí kí n wá wò ó, wáyà inú rẹ̀ ti jó dúdú, rọ́bà rẹ̀ ti yọ́ mọ́ ògiri. Ó ní bó bá pẹ́ sí i, ilé yìí ì bá jó lóòótọ́. Mo ké sí ìyá rẹ pé wá wo èéfín rẹ! Mo ní mo sọ bẹ́ẹ̀! Ìyá rẹ wá, ó fọwọ́ kan ògiri níbẹ̀, ó ní ó ti dára, ó ní a dúpẹ́. Nítorí náà, owó rẹ kò ṣòfò, ọmọ mi, ẹ̀mí wa ni o rà. Mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn kí n tó sọ èyí tó kù.

Ó ṣiṣẹ́ náà láti yàrá dé yàrá. Ó máa ń kọrin jẹ́jẹ́ lórí àjà. Ó fi wáyà tuntun sí gbogbo ilé, ó sọ orúkọ súìsì kọ̀ọ̀kan fún mi, mo sì ní kó má jẹ́ kí a máa ti ilé ìwẹ̀ tan iná pálọ̀. Yàrá ìránṣọ ló ṣe kẹ́yìn. Gílóòbù méjì ló fi síbẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan lórí maṣínì gan-an. Nígbà tó tàn án, èmi fi ọwọ́ bojú, yàrá náà funfun bí ìgbà tí wọ́n ṣí òrùlé rẹ̀. Ìyá rẹ jókòó sídìí maṣínì, ó mú abẹ́rẹ́, ó mú òwú. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó wá ní ẹ ṣeun o, ó dára, Ọlọ́run á san án fún yín. Ó ní ṣùgbọ́n èéfín náà ṣì wà o.

Ojú tì mí. Mo fẹ́ bẹ Ọ̀gá pé kó má bínú. Kò bínú. Ó ní nínú iṣẹ́ àwọn, bí onílé bá ní nǹkan wà, àwọn kì í jà á níyàn, ńṣe ni àwọn máa ń pa iná ojú kan, àwọn á bèèrè, àwọn á pa òmíràn, àwọn á tún bèèrè, títí àléébù náà kò fi ní rí ibi sá sí mọ́. Ó pa ti yàrá ìránṣọ. Ó ní Màmá, ṣé ó ṣì wà? Ìyá rẹ ní ó wà. Ó pa ti ilé ìdáná. Ó ní ó wà. Ó lọ sídìí mítà, ó pa gbogbo rẹ̀. Firíìjì mí kanlẹ̀, ó dákẹ́. Mi ò mọ̀ pé ilé wa ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀sán ni, fèrèsé wà ní ṣíṣí, wáyà kan kò ní iná nínú mọ́. Ó ní Màmá, báyìí ńkọ́? Ìyá rẹ ní ó wà.

Ọ̀gá bá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó mú un jáde sí àárín àgbàlá, lábẹ́ oòrùn, ibi tí wáyà kankan kò gbà kọjá. Ó ní níbí ńkọ́, Màmá?

Èmi ni mo bá ìyá rẹ dáhùn. Mo ní kò lè sí èéfín ní àgbàlá, àfi bí àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri bá ń sun ewé. Kí ó má bàa jẹ́ pé mo purọ́, mo lọ yọjú wo ẹ̀yìn ògiri. Wọn ò sun ewé. Mo padà wá láti wá jíṣẹ́, mo rí i pé ìyá rẹ ń sunkún, Ọ̀gá sì di ọwọ́ rẹ̀ mú síbẹ̀. Ó ní ó wà níbí náà. Ó ní ó ń bá òun kiri.

Ọmọ mi, mo dúró síbẹ̀ bí igi. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Mo ti tú àjà, mo ti tú ògiri, mo ti da ìbéèrè bo oníṣẹ́ mẹ́ta àti àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ fún, mi ò bi obìnrin tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa ojú rẹ̀. Ọ̀gá tan iná padà, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun yóò máa wá kí wọn. Ó ti ń wá o. Lánàá òde yìí ló wá fi òwú sí gbogbo abẹ́rẹ́ tó wà nílé, ó tò wọ́n sára aṣọ kan fún un.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá rẹ jẹ́wọ́ fún mi. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́. Ó ní nígbà tí o rẹ́rìn-ín aṣọ yẹ́lò yẹn, òun náà rẹ́rìn-ín, òun sì lọ jókòó sí ilé ìwẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ká máa pe oníṣẹ́ iná. Ó ní òun fẹ́ kó jẹ́ ilé ni. Ó ní ilé ni àwa lè tún ṣe. Nígbà tí Baba Onígíláàsì ní àwọn rí i, ó ní ṣe ni òun ń gbàdúrà pé kí ó jẹ́ òótọ́.

Mo mú un lọ bá nọ́ọ̀sì yẹn. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, ó ní nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú méjèèjì bí awọ, ó ní kì í ṣe òpin ayé, pé àwọn dókítà ojú ní ọsibítù ńlá ìlú yín máa ń ṣí i kúrò, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é tí wọ́n sì ń ríran padà, kìkì pé kí a má fi falẹ̀. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ta ni yóò tẹ̀lé aláìsàn, mo kọ Olúwa. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní òun náà gbà pé yóò tẹ̀lé wa, ṣùgbọ́n àwọn ń fẹ́ ẹni tó ní nọ́ńbà fóònù. Mo bá kọ orúkọ tìrẹ sí abẹ́ ti Olúwa. Má bínú pé mi ò kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ rẹ.

Mo lọ sọ fún Baba Onígíláàsì náà pé èéfín ilé wọn kì í ṣe ti gílóòbù. Wọ́n lé mi jáde. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ránṣẹ́ wá béèrè ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí, òun gan-an ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Ìyá rẹ kọ̀, kò fẹ́ lọ. Ó ní kí n má sọ fún ọ, pé o ní iṣẹ́, o ní ọmọ wẹ́wẹ́, pé owó tí o ná sórí ilé ti tó. Ó ní kí a jẹ́ kó di ìparí ọdún. Mo mọ̀ ọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo takú tì í, ìgbà yẹn ló sọ òtítọ́. Ẹ̀rù ń bà á. Ó ní bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ kan ojú òun tí ọwọ́ dókítà sì gbọ̀n, ohun tí òun máa rí gbẹ̀yìn láyé ni gílóòbù. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ rí Ọ̀rẹ́ òun. Ó ní ojú rẹ tó wà lọ́kàn òun jẹ́ ti ọjọ́ tí o kúrò nílé, pé òun mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní òun máa ń gbìyànjú láti fi ohùn rẹ yà á, kò yọrí.

Nítorí náà, mò ń bẹ̀ ọ́, wá. Má fi ohùn rẹ ránṣẹ́, má sì fi àwòrán ránṣẹ́ sínú fóònù, ojú lọ̀rọ̀ wà. Bó bá rí ọ, yóò tẹ̀lé ọ lọ. Èmi kò lè mú un lọ, mo ti gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ni yóò dì mú.

O mọ̀ pé bàbá kì í kọ̀wé sí ọmọ kó má béèrè owó, kí ó má di pé wọ́n ní ara bàbá kò yá. A ti san gbogbo ẹ̀tọ́ Ọ̀gá fún un. Akunlé ló kù, ó ń dúró de owó ọ̀dà. Má fi owó ọ̀dà náà ránṣẹ́ mọ́. Má sì san án sí báǹkì, nítorí ìgbà tí mo lọ síbẹ̀ gbẹ̀yìn, ọmọbìnrin ibẹ̀ ní owó mi wà nínú kọ̀ǹpútà, mo ní kó ṣí i kí n rí i, wọ́n ní kí n jókòó síta. Ògiri lè dúró, ògiri kò ní ojú. Fi owó náà wọ ọkọ̀ wá, kí o sì mú èyí tó bá kù lọ́wọ́ fún ti ọsibítù.

Ìyá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ti ń kọ èyí, lábẹ́ gílóòbù méjèèjì. Ó bi mí pé kí ni mò ń kọ. Mo ní ìròyìn àtúnṣe ilé ni. Ó ní kí n kí ọ, kí n sọ fún ọ pé ilé ti dára.

Ọlọ́run yóò mú ẹsẹ̀ rẹ wálé láìkọlu òkúta. Àwọn ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ bí o ti ń tọ́jú wa. O ò ní wá wa tì, àwa náà ò ní fi ojú wá ọ tì. Ohun tí ò ń wá lọ́jọ́ alẹ́, kò ní pa mọ́ fún ọ. Kí ọkọ rẹ, kí àwọn ọmọ.

Èmi ni bàbá rẹ.

Mo tún ṣí i, mo ti lẹ̀ ẹ́ tán tẹ́lẹ̀. Aṣọ yẹ́lò yẹn, má jẹ́ kí aránṣọ kankan tú u o, má yí i padà. Wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ wá, kí ojú rírán rẹ̀ wà níta bí ó ti wà. Àwọ̀ yẹn ni ìyá rẹ ṣì ń rí láti òkèèrè. Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìránṣọ, dúró. Má kí i, má sọ̀rọ̀ rárá. Jẹ́ kí òun kọ́kọ́ pè ọ́.